Ohun Tó Máa Bá Gbé: Bí Mo Ṣe To Kẹ̀kẹ́ Ológeere Jọ Látinú Àlòkù

Táyà yẹn bẹ́ níṣojú mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà lálẹ́ Sátidé kan, mò ń fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kọ́kọ́ yọ ikùn lápá kan, mo rò pé á padà jókòó, ni mo bá tún fẹ́ ẹ sí i, ìgbà tí màá fi rí i, etí táyà ti fò kúrò lórí ríìmù, túùbù ti ń yọ jáde bí ìfun, kí n tó sọ pé kí n dáwọ́ dúró, gbòà! Màmá tó ń ta àkàrà lójúde wa pariwo látọ̀ọ́kán pé ṣé kò sí o. Mo ní kò sí mà, táyà ni mà.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo wo ara táyà tuntun yẹn. 26 ni wọ́n kọ sí i. Mo lọ gbé táyà àtijọ́ tí mo bọ́ kúrò lórí ríìmù yẹn gan-an fúnra mi, mo nu ìdọ̀tí ara ẹ̀, mo wò ó. 26 lòun náà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé nọ́ńbà kì í parọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú 26 méjì tí wọn ò dọ́gba, táyà 5,500 náírà, túùbù 2,500 náírà tó ti ya láti òkè délẹ̀, inú mi ò dùn rárá torí gbogbo owó tí mo ní fún iṣẹ́ yẹn, mo ti kà á léraléra kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ìparí May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bí 190 náírà tó fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ láti Òjóò níbi tí mò ń gbé n'Ìbàdàn dé Bódìjà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò dúró lójú kan mọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e, epo tún kọjá 1,000. Takisí Máíkírà lọ, Máíkírà bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ń jẹ owó oṣù mi láti ìsàlẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, ẹni tó wà lókè ò ní mọ̀ àfìgbà tí ilé bá fì. Ọ̀nà yẹn dẹ̀ fi díẹ̀ lé ní kìlómítà márùn-ún ni o. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ibi tó sún mọ́ tó báyẹn ló ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn.

Ni mo bá ní kí n ra kẹ̀kẹ́. (Tó o bá pe kẹ̀kẹ́ lónìí, Márúwá ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rò, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun tó ṣe gómìnà Èkó nígbà ìjọba ológun sọ, èyí ló jẹ́ kí n máa pe tèmi ní ológeere lódindi. Mo dẹ̀ fẹ́ràn orúkọ yẹn, torí tó bá ti wà ní ṣíṣe dáadáa, geere ló ń lọ lóòótọ́.) Tòkunbọ̀ tí mo rí tó ṣeé gùn, 120,000 náírà ni ẹni tó ń tà á pè é, ó ní òun lè yọ 10,000 fún mi. 50,000 péré ni mo ní. Mo padà sílé.

Bàbá kan wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe látìgbà tí àwọn olùkọ́ àtàwọn tó ń ra kòkó lóko ṣì ń gun Raleigh, àwọn dúdú gíga tó ń ti Nottingham wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí búréèkì wọn jẹ́ irin gbọọrọ dípò wáyà. Sípóòkì 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Bàbá kì í kà á, ọwọ́ ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Mo lọ kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà la jí?"

"Adúpẹ́ sà. Bàbá, mo fẹ́ to kẹ̀kẹ́ kan ni. Àlòkù ni màá fi tò ó."

Wọ́n bi mí pé èló ni mo ní, mo sọ fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò ní kò tó. Wọ́n ṣáà ń nu ọwọ́ gírísì yẹn, wọ́n wá ní, "Ó lè ṣe é. Àmọ́ ohunkóhun tó o bá fẹ́ lọ rà, mú ohun tó máa bá gbé dání lọ."

Mo ní mo ti gbọ́ sà. Mi ò tíì gbọ́. Ìgbà tí táyà yẹn bẹ́ ni mo tó gbọ́.

Férémù ni mo kọ́kọ́ wá. Ibi tí wọ́n ń kó àlòkù irin jọ sí lọ́nà Ṣáṣá ni mo lọ, wọ́n ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n níbẹ̀, fíríìjì tó ti kú, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, gbogbo ẹ̀ lórí ara wọn. Kẹ̀kẹ́ bíi mẹ́rin wà lábẹ́ ẹ̀. Alhájì tó ni ibẹ̀ ní kí n wo èyí tó bá wù mí, ó ṣáà máa wọn ún fún mi ni. Bàbá ti kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe: mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dání, so ó mọ́ ibi tí nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn ń wọ̀ lápá ọ̀tún, fà á lọ síwájú yí ọrùn férémù ká níbi tí hándù ń wọ̀, kó o dá a padà sẹ́yìn lápá òsì, so ó níbẹ̀ kó le dan-indan-in. Okùn á wá wà lápá méjèèjì férémù. Fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti òpó tí ìjókòó ń wọ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Tó bá dọ́gba, férémù yẹn gún. Tí kò bá dọ́gba, ó ti ṣubú rí, ó ti wọ́, bó o ṣe ń gùn ún lá á máa fà ẹ́ sọ́nà kan.

Èyí tí ọ̀dà ẹ̀ dára jù, tí mo ti fẹ́ràn lójú, bíi mìlímítà mẹ́jọ ló fi wọ́. Mo tún rí i tí ọ̀dà ti rún wẹ́wẹ́ lábẹ́ òpó ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ọrùn níbẹ̀, bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti forí sọ nǹkan. Èyí tó tẹ̀lé e burẹ́wà, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, ìpẹtà wà lára ẹ̀ káàkiri, àmọ́ ọ̀tún àti òsì dọ́gba gẹ́lẹ́. Mo fi sùpánà kàn án láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ń dún gbọnrangandan, kò síbi tó ti dún pọ̀kọ́. Mo wá gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, mo dúró. Òpó òkè ò kàn mí nídìí, ìka mẹ́ta wọ àárín wa. Torí ara tìẹ náà wà lára ohun tó máa bá a gbé, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn, wọ́n á ra kẹ̀kẹ́ tó ga jù wọ́n lọ torí pé ó pọ́, wọ́n ò wá ní lè fẹsẹ̀ kanlẹ̀ tí Máíkírà bá já wọ iwájú wọn. 8,000 náírà, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tó ń di wíìlì iwájú mú, pẹ̀lú kíránkì tí pẹ́dà ń wọ̀ lára ẹ̀ àti gíà ẹ̀yìn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Níbẹ̀ náà ni mo ti rí wíìlì méjì tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ mìíràn, 9,000.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ kùn ún. Mi ò kùn ún, títí dòní. Tín-ín-rín ni owó mi, mi ò ní fi ra ẹwà fún nǹkan tí mi ò tíì mọ̀ bóyá ó máa rìn. Hándù nìkan ni mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, mo gé e sí méjì, mo fi ń ra á, mo jẹ́ kó jókòó díẹ̀, mo wá fi aṣọ nù ún, ìpẹtà kúrò lára ẹ̀ bí ìdọ̀tí ṣe ń kúrò lára àwo. Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà péré. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn náà o, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, torí ekíkan yẹn tún lè padà jẹ irin tó bá dúró síbẹ̀.

Òpó ìjókòó ló fún mi ní wàhálà. Ó ti gan mọ́ inú férémù. Mo yí i, mo fi òlù lù ú, kò mira. Kẹrosíìnì àti dísù ni Bàbá ní kí n pò pọ̀, kí n máa kán an sí etí ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n má sì fipá mú un. Mo ṣe é fọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo di orí ẹ̀ mú nínú fáìsì oníwẹ́dà kan, férémù gangan ni mo wá ń yí bí ẹni yí ọlọ, ó dún kí-í-í, ó sì jáde.

Ká padà sórí táyà. Mo gbé ríìmù, mo gbé táyà méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n ò tiẹ̀ wo 26 yẹn. Wọ́n ní kí n wo nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tí ojú wọn ò lè kà mọ́ àmọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lára táyà àtijọ́, 50-559. Lára tuntun, 37-590. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, èkejì ni ìwọ̀n ibi tí etí táyà ti ń jókòó lórí ríìmù, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. 559 ni ti àwọn kẹ̀kẹ́ olókè, àwọn onítáyà gbọ̀ngbọ̀n. 590 ni ti àwọn kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, irú àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti Japan wá tí wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ níwájú. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 26 torí pé láyé àtijọ́, ìta táyà ni wọ́n ń wọ̀n, tí táyà gbọ̀ngbọ̀n bá wà lórí ríìmù kékeré, tí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lórí ríìmù ńlá, ìta wọn á fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba. Orúkọ wọn jọra ṣùgbọ́n mìlímítà 31 ló wà láàárín wọn, bíi fìlà bàbá lórí ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dúró.

Nọ́ńbà ò parọ́ fún mi, èmi ni mo ka èyí tí kò kàn mí. Mo dá táyà padà fún ẹni tó tà á, ó gbà á torí kò tíì jẹ ilẹ̀, mo fi 1,500 kún un, mo gba 559. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé ríìmù dání lọ sọ́jà. Àwọn èèyàn ń wò mí nínú Máíkírà, mi ò dá wọn lóhùn.

Ibi tí mo gbádùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, àárín gbùngbùn wíìlì níbi tí sípóòkì ti ń jáde, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fínnífínní. Tẹ́ ẹ bá tú kóònù (nọ́ọ̀tì tó ń há bẹ́ríìnì mọ́ inú họ́ọ̀bù) lára ààsù, ọ̀pá àárín wíìlì, ọmọ bẹ́ríìnì, àwọn irin róbótó kéékèèké yẹn, á dà sílẹ̀, nítorí náà ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Mẹ́sàn-án ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, wọn ò tóbi ju ẹ̀wà lọ, ìdá mẹ́rin ínṣì ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi ti dúdú, gírísì ti di ẹrẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, mo dà wọ́n sórí aṣọ funfun nínú oòrùn, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sójú. Mẹ́rìnlá ń dán, wọ́n mọ́ kedere débi pé mo rí fèrèsé ilé wa lára wọn. Mẹ́rin tó kù ti ní ihò wẹ́wẹ́ lójú, bí ojú ẹni tí ṣànpọ́nná fi sílẹ̀. Mo ní kí n pààrọ̀ mẹ́rin yẹn nìkan, Bàbá ní rárá. Ìdí tí wọ́n sọ rèé: èyí tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ó ti jẹ díẹ̀, ojú ò lè rí i ṣùgbọ́n ó ti kéré sí tuntun. Tó o bá da tuntun mẹ́rin pọ̀ mọ́ àtijọ́ mẹ́rìnlá, mẹ́rin yẹn nìkan ló máa ru gbogbo ẹrù, torí àwọn ló ga jù, wọ́n á fọ́, wọ́n á ba ojú kóònù jẹ́. Nítorí náà tuntun ni gbogbo wọn, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú gírísì, ti iwájú tó kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn náà wà nínú ẹ̀, 1,800 náírà. Mo ti ná ju ìyẹn lọ lórí búrẹ́dì kan rí.

Títò wọ́n padà ló nílò sùúrù. Gírísì ló máa ń di wọ́n mú sínú àwo họ́ọ̀bù, èèyàn á tò wọ́n yíká lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, kẹ́ ẹ tó wá ti ààsù bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wá mú kóònù le jù, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ yín, á máa rìn bí ẹni ń rìn lórí yanrìn. Tó bá dẹ̀ jù, ẹ di táyà mú, á máa mì lọ mì bọ̀. Àárín méjèèjì yẹn ò ju kí sùpánà yí ìdá mẹ́jọ lọ. Bí Bàbá ṣe ń mọ̀ pé ó ti pé ni pé wọ́n á gbé wíìlì sókè, wọ́n á gbé ẹnu túùbù, irin kékeré tí a ń gba ibẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn yẹn, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ìwọ̀n irin kékeré yẹn nìkan gbọ́dọ̀ tó láti yí wíìlì náà fúnra ẹ̀ títí tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ délẹ̀, kó fì padà, kó tún fì, kó tó dúró. Ìgbà kẹfà ni tèmi tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ wọ̀n fún àwọn tó ń yọ́ irin ní kìlò ló ń fì bí àgbàdo lóko yìí, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Sípóòkì 36 ló wà níwájú, 36 lẹ́yìn. Ríìmù ẹ̀yìn wọ́ díẹ̀. Bàbá dojú kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n jẹ́ kí rọ́bà búréèkì sún mọ́ ríìmù, ibi tí ríìmù bá ti ń kàn án, wọ́n á dẹ sípóòkì ẹ̀gbẹ́ yẹn, wọ́n á mú ti òdìkejì le, ìdá mẹ́rin ìyípo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wá fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta agídìgbo. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ jọ dún bákan náà. Èyí tó bá dún wúwo, ó dẹ̀. Èyí tó bá han, ó le jù, òun ló máa kọ́kọ́ já. Èmi ò tíì gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yìn bí ogún ìṣẹ́jú létí mi tó ṣí.

Isàlẹ̀ kíránkì ò gbà mí lákòókò, àfi nǹkan kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà níta níbí, àwo bẹ́ríìnì apá ọ̀tún, ibi tí ṣéènì wà, òdì ni tíréèdì ẹ̀. Pẹ́dà òsì náà, òdì ni. Tẹ́ ẹ bá ń tú u bẹ́ ẹ ṣe ń tú nọ́ọ̀tì mìíràn, ẹ̀ ń mú un le sí i ni, mo dẹ̀ ti lo páìpù láti fi mú ọwọ́ sùpánà mi gùn kí Bàbá tó pariwo mọ́ mi.

Ṣéènì àtijọ́ tó wà lára ẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo fẹ́ lò ó. A fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tí ìṣó kan bá wà lórí òdo, ìṣó kẹrìnlélógún lẹ́yìn ẹ̀ ló yẹ kó gún régé sórí ìlà ínṣì 12. Tèmi kọjá ìlà yẹn pẹ̀lú ju ìdá mẹ́jọ ínṣì lọ. Ó ti nà, tàbí ká sọ ọ́ bó ṣe rí, gbogbo ìṣó ẹ̀ ló ti jẹ. Ṣéènì báyẹn á máa gun orí eyín, á máa yọ̀, ìgbà tí èèyàn bá dìde dúró láti gun òkè ló dẹ̀ máa ń yọ̀, ẹ mọ ibi tó máa gbé èèyàn sọ. Mo ra tuntun 4,000. Ìṣòro kan ṣẹ́kù: ṣéènì tuntun ò lè bá eyín tó ti jẹ gbé. Mẹ́fà ni irin oníyín tó wà lẹ́yìn, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ yẹn rí ti lo àwọn tó kéré jù títí eyín wọn fi mú bíi ti yanyan, ṣùgbọ́n àárín, oní-eyín 18, kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ibẹ̀ ni mo fi ṣéènì sí. Gíà ẹ̀yìn tí kò ṣiṣẹ́ yẹn, a ò jù ú nù, a fi sukúrúù kékeré ẹ̀ dè é mọ́ ojú kan ṣoṣo, òun ló ń fa ṣéènì kó má dẹ̀. Níwájú, eyín 38. Bí mo bá wa ẹsẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á rìn tó mítà mẹ́rin àti díẹ̀. Ìlú olókè bí Ìbàdàn ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó ní gíà kan ṣoṣo. Gíà ńlá á dùn ún wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúnkún lá á san gbèsè ẹ̀ tó bá dórí òkè.

Búréèkì ni mi ò gbọdọ̀ fi ṣeré, síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo tún ti ṣàṣìṣe. Apá méjì gígùn ló wà lára férémù mi, irú tí wọ́n ń pè ní V-brake. Mo rí ọwọ́ búréèkì méjì tó lẹ́wà níbì kan, mo rà á, mo fi wáyà tuntun sí i, rọ́bà tuntun. Mo fún un, ọwọ́ wọlé títí ó fi kan hándù, wíìlì ò tíì dúró. Mo rò pé wáyà ló dẹ̀, mo fà á le, rọ́bà wá ń ha ríìmù. Kì í ṣe wáyà. V-brake ń fẹ́ ọwọ́ tó máa fa wáyà púpọ̀, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ọwọ́ búréèkì àtijọ́ ń fà. Ọwọ́ yẹn dára, búréèkì yẹn dára, wọn ò kàn lè jọ gbé ni. Bàbá yọ ọwọ́ mìíràn nínú agolo wọn, wọ́n gba tèmi, mo fi 2,000 lé e. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ti kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa láìgùn ún, mo ń fún un, mo ń tú u, bí ogún ìgbà. Ó ń dúró.

Òpó ìjókòó tí mo rí rà kéré díẹ̀ sí ihò férémù, 26.8 sínú 27.2. Mo gé agolo mọ́ọ̀tì, mo tẹ́ ẹ, mo wé e lẹ́ẹ̀mejì yí òpó ká, ó wọlé pinpin. Àwọn nǹkan tí èèyàn lè fi agolo ṣe wà, àwọn tí kò gbọdọ̀ fi í ṣe náà wà. Fún ìjókòó, ó dára. Fún búréèkì, fún fọ́ọ̀kì, ẹ má dán an wò.

Gbogbo owó tí mo ná, pẹ̀lú túùbù tó bẹ́ àti 4,000 tí mo fún Bàbá (wọn ò sọ iye, èmi ni mo fi fún wọn), 57,400 náírà. Mo fi 7,400 kọjá ohun tí mo ní, oṣù tó tẹ̀lé e ni mo parí ẹ̀. Nínú owó yẹn, táyà méjì, túùbù mẹ́ta, ṣéènì, rọ́bà búréèkì àti wáyà nìkan jẹ́ 30,100. Ẹ wò ó pé ó lé ní ìdajì. Irin tó gbé kẹ̀kẹ́ dúró, férémù, wíìlì, kíránkì, ohun tó le tí wọ́n fi iná àti agbára ṣe, òun ló dín owó jù, ọ̀fẹ́ ni ó kù díẹ̀ kó jẹ́. Ohun tó ń jẹ tó ń tán ló gba owó. Mi ò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan lórí ìyẹn, torí àwọn gan-an ló ń kan ilẹ̀, àwọn ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, kó dín in lára irin, kó má dín in lára rọ́bà.

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Mo jáde ní 6:15, Òjóò ti ń gbóná. Mo gba ẹ̀gbẹ́ títì, ẹnu mi ń gbẹ, ọ̀kadà kan fun fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, ó kọjá. Ní Ọ̀rọ̀gùn ọwọ́ mi tó di hándù mú gírígírí ti dẹ̀. Ó wá ku èmi àti dídún ṣéènì yẹn, tìn-ìn-tìn-ìn-tìn, àti afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, ọkọ̀ ti tò lọ bí ejò, Máíkírà kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀, awakọ̀ tó máa ń gbé mi ni, ó yọrí, ó ní "Tíṣà! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?" Mo juwọ́ sí i. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kàn, mi ò wa ẹsẹ̀, mo jẹ́ kó lọ fúnra ẹ̀, mo gbọ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn mi, àwọn ọmọ bẹ́ríìnì méjìdínlógún yẹn, wọn ò dún rárá. Mo dé ilé-ìwé, agogo ò tíì lù, àpò mi wà bó ṣe wà, owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo yà lọ́dọ̀ Bàbá. Wọn ò kí mi kú oríire. Wọ́n gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sókè, wọ́n fi ọwọ́ yí wíìlì, wọ́n gbé etí sí i. Wọ́n yí pẹ́dà òsì, wọ́n tún yí i, wọ́n wò mí.

"O ò tíì tú èyí."

Mo ní rárá sà, mo rò pé ó ṣì dára.

"Ó ń ha. Mú un wá ní Sátidé. Mú kẹrosíìnì dání."

Wọ́n mú sùpánà, wọ́n fún nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ ìjókòó tí mi ò mọ̀ pé ó dẹ̀, wọ́n ti hándù sí mi lọ́wọ́.

"Ó yá, máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú."